Mo fọ́n òróró sí fóòmù títí, mo ṣì ń sín

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó ta pútú nínú ilé, èmi ti sín nígbà mẹ́rìnlá. Mo mọ iye rẹ̀ torí pé mo máa ń kà á. Ohun tó bá ti ń ṣe èèyàn fún ọdún mẹ́ta, téèyàn ò rí i wò sàn, kíkà ló kù téèyàn lè máa ṣe sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sùn tì wá nígbà kan, ó gbórí sókè nínú òkùnkùn, ó ní, “Ìwọ àti àkùkọ, ta ló ń jí ẹnì kejì gan-an?” Mo fẹ́ dá a lóhùn ni, ìkẹẹ̀ẹ́dógún bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Aránṣọ ni mí. Láti àárọ̀ dalẹ́, inú aṣọ ni mo wà: mo ń gé, mo ń rán, mo ń tú èyí tí oníbàárà ní ó fún òun jù. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ bí mo ṣe ń sín ló máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń bá mi jà, pé fọ́nrán òwú ló ń wọ̀ mí nímú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo wá ń bo imú bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí kò ti bára mu. Tí mo bá ti jókòó sídìí máṣíìnì, imú mi á gbẹ, ojú mi á wálẹ̀, n ó tiẹ̀ máa kọrin. Àfi tí mo bá padà fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́. Àìsàn ibi iṣẹ́ wo ló ń lọ dúró de èèyàn lórí ìrọ̀rí?

Dókítà ló bá mi tú u. Ó ti ní kí n má lo oògùn àlẹ́jì kankan fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí oògùn má bàa bo èsì mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ wálẹ̀, ó kán omi oríṣiríṣi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tí ohun kan tó lè máa mú èèyàn sín wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ohun kan tó rí bí ẹnu abẹ́rẹ́ gún ojú ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa fi dúró, mi ò sì gbọdọ̀ họ ọ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí nọ́ńbà keje ti ń yún mi bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Mo jókòó lé ọwọ́ kejì mọ́lẹ̀ kí n má bàa lò ó. Nígbà tó padà dé, nọ́ńbà keje ti wú, àárín rẹ̀ ràn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n yí ká, àfi bí ẹni pé ẹ̀fọn mẹ́ta jẹ mí lójú kan náà. Ó fi rúlà kékeré wọ̀n ọ́n. “Kòkòrò inú eruku ilé,” ló wí.

Ojú tì mí. Mo ní, “Dókítà, mo máa ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi o.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kọ́, pé ilé tó mọ́ tónítóní náà ní in.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tí mò ń sọ yìí, inú ibùsùn ló wà, àwa gan-an sì ni ẹ̀fọ́ rẹ̀, torí pé awọ gbígbẹ tó ń ṣí kúrò lára wa lójoojúmọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Dermatophagoides ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́. Èdè Gíríìkì ni, ọ̀rọ̀ jíjẹ awọ ló sì wà nínú orúkọ náà. Ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, gígùn rẹ̀ kò sì pé ìlàjì mìlímítà. Kì í bu èèyàn jẹ bí ìdun, kì í mu ẹ̀jẹ̀ bí iná orí. Kódà, kì í mu omi. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fà sára, ìyẹn náà ló sì fi ń yè. Tipẹ́tipẹ́ làwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé eruku ilé máa ń bá àwọn kan jà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tó wà nínú eruku náà, àfi ìgbà tí àwọn olùwádìí méjì, Voorhorst àti Spieksma, ní ìlú Leiden lórílẹ̀-èdè Netherlands, tọ́ka sí kòkòrò yìí ní 1964. Màmá wa àgbà ti bí gbogbo ọmọ tó bí tán nígbà yẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tuntun tó nìyẹn.

Ohun kan wà tí dókítà sọ tí mi ò fi etí sí dáadáa, òun ló sì kó mi sí wàhálà lẹ́yìn náà. Ó ní kòkòrò náà gan-an kọ́ ló ń mú mi sín jù, ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹyọ kan á ya nǹkan bí ogún lóòjọ́, kóró wẹ́wẹ́ bí eruku, tí ohun tó fi ń da oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Nǹkan yẹn mọ̀ ọ́n gé: bó ṣe ń gé awọ tó jẹ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ara ihò imú wa. Kóró náà kì í fò káàkiri fún ìgbà pípẹ́, ó wúwo díẹ̀, ó máa ń bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró kí ó bọ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé imú èèyàn lórí ìrọ̀rí ló ti ń bá a pàdé? Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti tú u sókè.

“Kòkòrò” nìkan ni èmi gbọ́. Bí mo ṣe ń délé, ohun tí mò ń rò ò ju bí màá ṣe pa á lọ.

Mi ò fẹ́ fọ́n oògùn apakòkòrò sórí ibi tí ọmọ mi ń sùn. Mo ṣí fóònù, mo sì rí ohun tí ọkàn mi ti ń wá tẹ́lẹ̀: òróró ewé, èyí tí wọ́n máa ń kọ essential oil sí lára ìgò rẹ̀. Ẹ kán in sínú omi, wọ́n ní, ẹ fọ́n ọn sórí fóòmù, gbogbo wọn á kú, yàrá á sì máa ta sánsán. Ó dùn mọ́ mi. Mo wá eucalyptus, mo wá lavender, mo wá tea tree. Mo rọ omi kún ike tí mo fi ń fọ́n omi sáṣọ tí mo bá fẹ́ lọ̀ ọ́, mo kán ogún ẹ̀kán nínú èyí, mẹ́wàá nínú ìyẹn, mo mì ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Alẹ́ méje léraléra. Yàrá ń ta sánsán lóòótọ́. Lálẹ́ karùn-ún, mo sín nígbà mọ́kàndínlógún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ike yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ojú mi ló ṣe. Ní ọjọ́ keje, mo gbé e sójú fèrèsé, mo wò ó. Kí n tó kà dé mẹ́wàá lẹ́yìn tí mo mì ín, òróró ti ń kúrò nínú omi, ó ń gun òkè ní kóró kóró, kóró méjì á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan, títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi bí awọ fẹ́lẹ́. Mo wá wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi sókè nínú ike náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń fà. Omi lásán ni mo ń fọ́n sórí fóòmù láti ọjọ́ yìí wá! Òróró wà lókè, ó ń wò mí.

Mo tún fi ìwà kún un. Omi ti fẹ́ẹ́ tán nínú ike, mo ní kí n má fi ìyókù ṣòfò, mo bá fọ́n ọn sórí ìrọ̀rí. Òróró gidi ló jáde. Ìhà ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló bọ́ sí. Láàárín òru, ó jí, ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń bọ́ níbẹ̀. “Ìyá Àyọ̀,” ó ní, “ṣé o fẹ́ fi mí ṣe àgbo ni?” A fi omi ẹ̀rọ bu ojú náà títí. Ìrọ̀rí náà ṣì wà, àbàwọ́n rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò lọ mọ́.

Mo wá jókòó, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kòkòrò tí kì í mu omi, tó jẹ́ pé ọ̀rinrin ló fi ń yè, ni mò ń fọ́n omi sórí ilé rẹ̀ lálaalẹ́. Oko ni mò ń bomi rin. Àti pé, ká ní òróró náà tiẹ̀ dé ara wọn, ká ní gbogbo wọn kú pátá, òkú wọn àti ìgbẹ́ wọn dà? Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ imú mi. Fóòmù kì í ya ìgbẹ́ síta. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí.

Mo ti fẹ́ da ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù kí n tó ka ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Tovey àti McDonald, ṣe ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Wọn ò fọ́n nǹkan kan síbì kankan. Inú omi ìfọṣọ ni wọ́n da òróró eucalyptus sí. Ó sì mọ́gbọ́n wá, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Omi tó gbóná tó 55°C sókè á pa kòkòrò náà, á sì ṣan ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ á ṣan èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kòkòrò fúnra rẹ̀ kì í kú síbẹ̀. Ó mọ bó ṣe ń di fọ́nrán aṣọ mú, á sì gùn ún padà wálé. Aṣọ tó lè gba omi gbígbóná kò nílò òróró rárá. Èyí tí kò lè gbà á, bíi wúlì, ṣẹ́dà, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí, ìyẹn ni òróró wà fún. Ẹ̀rọ ìfọṣọ àti bàsíà ni ibùjókòó rẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi kọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ “kán ẹ̀kán márùn-ún sí i” kì í ṣírò. Ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 2 òróró sí omi lítà kan. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gba omi lítà 50 á gba mìlílítà 100. Nǹkan bí ogún ẹ̀kán ló ń ṣe mìlílítà kan. Nítorí náà, ẹ̀kán márùn-ún nínú bàsíà omi lítà 10 jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rin ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Òórùn nìyẹn, oògùn kọ́. Ìgò mìlílítà 10 tí mo kó jọ, méjì gbáko ló máa bá bàsíà kan lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n má máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì méjì ni, fún aṣọ tí omi gbígbóná máa bà jẹ́ nìkan. Èyí tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ni bùláńkẹ́ẹ̀tì wúlì tí ìyá ọkọ mi fún wa, èyí tí mi ò jẹ́ dán an wò kí n sọ sínú omi gbígbóná, torí mo mọ ohun tí wúlì máa ń ṣe: á sún kì, á le bí ẹní, ẹ ò ní rí i nà mọ́ láéláé.

Mo kọ́kọ́ dán ọṣẹ wò. Òróró àti omi kò ní ṣe ọ̀rẹ́ láìsí alárinà, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sì ni alárinà náà. Mo fi òróró ìdá mẹ́rin sí ọṣẹ ìdá kan, mo rò ó pọ̀, mo bu díẹ̀ sínú gíláàsì omi. Ọṣẹ àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa, òróró tún gun òkè bíi ti ọjọ́sí, mo dà á nù. Èyí kejì ni mo fi rí i. Bó ṣe kan omi ló tú ká bí èéfín, gbogbo gíláàsì funfun bíi mílíìkì, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ tú zíìpù lára ṣòkòtò ẹnì kan, mo padà dé, ó ṣì funfun. Mo pariwo “Áà!” débi pé Àyọ̀ sáré wọlé.

Omi lítà 10 nínú bàsíà, ṣíbí tíì mẹ́rin òróró, ṣíbí tíì kan ọṣẹ. Mo rì bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, mo tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi sí ibi gbígbẹ nínú rẹ̀ mọ́, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kéré jù, ṣùgbọ́n mi ò kánjú. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Fèrèsé ní láti wà ní ṣíṣí, ọwọ́ sì ní láti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èmi ò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àárín ìka mi gbẹ, ó sán, abẹ́rẹ́ ń ta mí níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń fọṣọ, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọ̀ omi tó jáde nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo pè ní mímọ́ yẹn, mi ò ní í ṣàpèjúwe rẹ̀ níbí. Mo sá a síta títí ó fi gbẹ pátápátá, dé inú ìṣẹ́po rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí òróró ṣì ń rùn lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, áyọ́ọ̀nù kò sì gbọdọ̀ kàn án. Òróró eucalyptus máa ń gbiná.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé eucalyptus nìkan ni. Rárá. Àwọn olùwádìí fi tea tree, lavender àti òróró lẹ́mọ́ọ̀nù wéra wọn lórí iná ara èèyàn àti kòkòrò inú eruku, wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2007, tea tree ló sì ta àwọn yòókù yọ. Ní 2003, àwọn mìíràn ti fi hàn pé òróró kànáfùrù, pàápàá ohun tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eugenol, máa ń pa á. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n inú àwo kékeré nílé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí kòkòrò kò ti ríbi sá sí. Fóòmù mi nípọn gan-an láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òróró wo ló fẹ́ rìn dé àárín rẹ̀? Ní ti lavender, òórùn rẹ̀ dùn, ó tán.

N kò ní pẹ́ lórí ewu rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó. “Ti ewé ni” kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣeni ní jàǹbá. Bí ọmọ kékeré bá gbé ṣíbí tíì kan òróró eucalyptus mì, gìrì lè mú un. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni tèmi ń gbé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ. Ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ ọwọ́ pé ó ń sín. Ẹni tó ní ikọ́ fée, òórùn líle nìkan lè há a láyà, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ológbò àti ajá kò lè gba tea tree sára, àwọn tó ń sin ológbò ni mò ń bá wí jù, torí ahọ́n ló fi ń wẹ̀, ohunkóhun tó bá kan irun rẹ̀ ti wọ ikùn rẹ̀. Ìgò tó ti wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́ náà, afẹ́fẹ́ á ti bà á jẹ́, á máa ta sí awọ ju ti tuntun lọ.

Ohun tó ṣe mí lóore jù lọ kò ní òórùn kankan. Aṣọ ìrọ̀rí àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì olówùú, 60°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn nìkan gba sísín márùn-ún kúrò nínú mẹ́rìnlá. Mo kó ìrọ̀rí àtijọ́ dànù pẹ̀lú.

Ti ìbòrí fóòmù, iṣẹ́ ọwọ́ gbé mi níjà níbẹ̀. Wọ́n ń ta irú èyí tí wọ́n hun mọ́ra débi pé ojú ihò rẹ̀ kò ju máíkírónì 10 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan, tí ìgbẹ́ kòkòrò náà kò lè gbà kọjá. Èmi ní, kí ni mo ń ránṣọ fún? Mo yan aṣọ òwú tó ki jù nínú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sójú oòrùn, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo rán an, mo fi zíìpù sí i, ó dúró lára fóòmù bí ìbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbá fóòmù náà lẹ́ẹ̀kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí eruku tó ń tú jáde ní ìlà tọ́ọ́rọ́ láàárín eyín zíìpù. Ó tún ń yọ ní ojúu rírán, ihò kan fún abẹ́rẹ́ kan. Èmi tí mo lu ihò náà fúnra mi! Mo ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe, wọ́n ti fi nǹkan bo ẹ̀yìn zíìpù tirẹ̀ àti ojúu rírán rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìbòrí nìkan tó. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lára àgbàlagbà 1,122 tó ní ikọ́ fée, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, rí i pé ìbòrí ibùsùn nìkan kò yí nǹkan kan padà fún wọn. Mo ka ìyẹn, ó dùn mí, mo wá wo yàrá mi dáadáa sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Tí ọ̀rinrin bá wà lábẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò yìí á máa gbẹ, kò ní lè gbèrú. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ibùsùn. Ní ìdájí, 76 ló kà! Mo yí ojú ká, mo rí olè náà: aṣọ oníbàárà mẹ́fà tí mo fọ̀ kí n tó gé e, gbogbo rẹ̀ lórí okùn nínú yàrá wa, omi ṣì ń kán ní etí ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sá aṣọ síbẹ̀ kí èèfín ìdáná má bàa gbà á. Mo kó okùn náà jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mi ò tún ń tẹ́ ibùsùn ní kété tí a bá jí mọ́. Mo máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn kí ìlàágùn òru lè gbẹ. Tí ìta bá gbẹ ju inú lọ, mo ṣí fèrèsé. Tí òjò bá ń rọ̀, mo tì í, mo tan fáànù. Ó ti ń kà 58, 55. Ó kà 49 nígbà kan, mo pe ọkọ mi wá wò ó bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Lónìí tí mò ń kọ èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sín. Àná, ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣì ń lo oògùn tí dókítà ní kí n máa fọ́n sí imú, mi ò fi òróró rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá sùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó jí, ó ní òun rò pé mi ò sí nílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ètò yìí kò tẹ́ lọ́rùn. Àyọ̀ ní ehoro kan tí mo fi àjákù aṣọ rán fún un nígbà tó pé ọdún kan, Ọ̀gá Etí lorúkọ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó máa ń fi tì mọ́jú. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ló wà létí rẹ̀, omi gbígbóná ò ṣeé fọ̀ ọ́. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sínú fírísà tó tutù tó -18°C fún ọjọ́ méjì, kí n tó fi omi tútù àti ọṣẹ ṣan ìgbẹ́ inú rẹ̀ jáde, torí òtútù lè pa kòkòrò, kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi ṣí fírísà lálẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ó rí ojú bọ́tìnì méjì nínú ọ̀rá, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀.

Ní Sátidé, Àyọ̀ ti dúró sẹ́nu fírísà kí n tó jí. Mo yọ ọ́ fún un. Etí méjèèjì le gan-in. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ wé e, ó gbé e mọ́ àyà.

“Màámi, ó ń gbọ̀n.”

Mo ní kò gbọ̀n.

“Ẹ rán súwẹ́tà fún un.”

Mo ní màá rán an, òwú sì ni màá fi rán an, kì í ṣe wúlì. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní torí omi gbígbóná ni.